Ohun tí Ejò Ń Wá Nínú Oko Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ tí ó tẹ̀ dó sí àgbègbè Ìlú Bìní sọ)

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá síwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Òótọ́ ni. Olúkúlùkù ejò ní ibi tí ó ń gbé, oúnjẹ tí ó ń wá, àti ọ̀nà tí ó ń gbà pa á. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ejò ń wá yóò mọ ibi tí kò yẹ kí òun ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ọká, ejò inú igbó àti oko kòkó. Àwọ̀ ara rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè rékọjá rẹ̀. Kì í lé ẹran. Ńṣe ni ó ń dùbúlẹ̀ sí ojú kan, tí ó ń dúró de eku tí yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kò sí ejò mìíràn lágbàáyé tí eyín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀, kì í tètè sá bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣa kòkó nílẹ̀, ẹ fi ọ̀pá tú ewé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Paramọ́lẹ̀ ni orúkọ tí a ń pe oríṣi ejò kúkúrú ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ó sanra nínú wọn fẹ́ràn ọ̀dàn àti ilẹ̀ tí a ti ṣán. Òun náà a máa ba de eku bí ọká. Èyí tí ó kéré ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, nítorí náà ni a fi ń bá a nítòsí ilé, lẹ́bàá ibi tí omi ń dá rogún sí.

Ṣèbé kì í ba dè é ní tirẹ̀. Ó ń rìn kiri wá oúnjẹ, ó ń wọ ihò eku àti òkìtì ọ̀gán, ó sì ń wọ ilé adìyẹ lọ jẹ ẹyin àti òròmọdìyẹ. Bí a bá ká a mọ́, ó lè tu oró sí ojú ènìyàn láti ibi tí ó jìnnà tó mítà 2. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ tí ó mọ́ sí ojú náà léraléra, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Àwọn ejò kan tún wà tí wọ́n gùn, tí àwọ̀ wọn dàbí ewé, tí wọ́n ń lépa ẹyẹ lórí igi. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ṣe wá ní nǹkan, ṣùgbọ́n oró àwọn kan lè pa ènìyàn ní wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gun ọ̀pẹ, kí ó kọ́kọ́ wo òkè dáadáa.

Òjòlá, tí àwọn mìíràn ń pè ní erè, kò ní oró. Ó ń wé mọ́ ẹran, ó sì ń fún un títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè rìn mọ́ nínú rẹ̀. Ó ń gbé ọ̀yà mì, ó sì lè gbé ewúrẹ́. Bí ó bá yó tán, ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ nǹkan. Àwọn Ẹdó tí a ń bá gbé mọ̀ ọ́n dáadáa. Láyé àtijọ́, òjòlá tí a fi idẹ rọ wà lórí òrùlé ààfin Ọba Bìní. Orí àwọn ejò idẹ náà wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897.

Ẹ ó rí i pé eku ni púpọ̀ nínú ejò wọ̀nyí ń wá. Ẹyìn tí ó bọ́ sílẹ̀ tí a kò ṣà ń pe eku. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a kó jọ sí ẹ̀yìn abà ń fún eku nílé. Eku sì ń pe ejò. Ẹ ṣa ẹyìn yín tán. Ẹ gbá àyíká ilé. Ẹ má tọ́jú àgbàdo sí yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn lọ sí oko, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá jáde lóru.

Bí ejò bá wá bu ènìyàn jẹ ńkọ́? Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ má fi okùn dì í pinpin, nítorí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà lè kú. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ó tó wú. Ẹ fi igi àti aṣọ dè é bí ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, kí ó má baà mì. Ẹ gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ má lé ejò náà, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìrísí rẹ̀ fún dókítà, nítorí oògùn kan kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ejò. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Costa Rica fún Nàìjíríà. Oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: ti ṣèbé, ti paramọ́lẹ̀ ńlá, àti ti ejò kékeré kan tí ó pọ̀ ní Òkè Ọya. Ti ọká kò sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ejò tó bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí abúlé kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn lọ béèrè ilé ìwòsàn tí oògùn wà ní Ìlú Bìní. Kí a mọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù, kí a sì dá owó epo sílẹ̀. Ejò kì í rìn pọ̀. Ìyẹn kàn wọ́n. Àwa tí a jọ wá ṣe oko níbí, ẹ jẹ́ kí a rìn pọ̀.