Ìrìn-àjò Orí Ilẹ̀: Ìyà Ni Tàbí Ìgbádùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò sọ pé oko bàbá òun ni ó tóbi jù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ẹlòmíràn a máa ní ẹ̀gún. Nígbà tí ènìyàn bá fi ilé àti ibùsùn sílẹ̀, tí ó wọ ọkọ̀ fún odindi oṣù mẹ́fà, tí ó sì ń pàgọ́ sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, ṣé ìyà ni ó lọ jẹ ni, àbí ìgbádùn?

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ fún ìjíròrò yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà láti yunifásítì Oxford àti Cambridge gbéra ní Hyde Park Corner ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ Land Rover méjì, tí wọ́n fi orúkọ yunifásítì méjèèjì sọ. Singapore ni wọ́n ń lọ. Àwọn tí ó ti gbìyànjú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn kò fi ọkọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò lówó lọ́wọ́. David Attenborough, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní BBC nígbà náà, ni ó fún wọn ní fíìmù tí wọ́n fi ya àwòrán ohun tí ojú wọn rí.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti pín iṣẹ́. Ẹnì kan ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ń ṣètò oúnjẹ àti ẹrù, ẹnì kan ń rí sí ìwé ìwọ̀lú àti àwòrán ilẹ̀, ẹnì kan ń ya fíìmù, ẹnì kan ń ṣọ́ owó, ẹnì kẹfà, Tim Slessor, sì ń kọ ìtàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kì í ṣe kìnnìún ni ó máa ń da arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láàmú. Ohun kékeré ni. Ojú ọ̀nà tí ó ṣe wínníwínní bí páànù ilé yóò máa gbọn ọkọ̀ títí bóòtù yóò fi tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní orí òkè gíga, omi inú rádíétọ̀ yóò máa hó. Nínú iyanrìn, àfi kí a dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kí ó lè fẹ̀ kí ó má rì, lẹ́yìn náà kí a tún fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ padà pẹ̀lú òógùn. Eruku yóò wọ inú búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ yóò pa sítóòfù nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó. Òjò òru yóò ká àgọ́ mọ́ni lórí. Ní ibodè, aṣọ́bodè yóò ní ìwé kan kù. Lójú ẹni tí ebi ń pa, tí oorun sì ń kùn, ọ̀rọ̀ ta ni yóò fọ abọ́ lè di ìjà.

Síbẹ̀, inú ìyà yìí kan náà ni adùn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ti jẹ eruku fún ọ̀sẹ̀ kan ni ó mọ iyì odò tí ó tutù. Ife tíì kan ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a máa dùn ju àsè lọ. Àjèjì tí kò gbọ́ èdè ẹni a sì máa bu omi fúnni mu, a sì máa fi ọwọ́ júwe ọ̀nà.

Wọ́n gba Damásíkù, Baghdad àti Tehran kọjá, wọ́n la Pakistan àti Íńdíà já, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù: Burma, tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ni ó jagun ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ibẹ̀ ni Arakan Barracks ní Àpápá ti gba orúkọ. Ọ̀nà Ledo, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, là láàárín igbó àti òkè nígbà ogun náà, ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, igbó ti gba ọ̀nà, òjò sì ti gbé afárá lọ. Bí ọ̀nà náà bá dí pátápátá, gbogbo làálàá oṣù púpọ̀ di òfo nìyẹn. Níbi tí afárá kò bá sí, inú odò ni wọ́n gbà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1956, ọkọ̀ méjèèjì wọ Singapore. Slessor sì kọ ìwé nípa rẹ̀, First Overland, tí ó jáde ní 1957.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2019, ọkọ̀ Oxford, tí wọ́n ti tún ṣe, gbéra láti Singapore padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Slessor, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó jókòó sí àyè rẹ̀, ọkọ̀ ògbólógbòó náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kejìlá ọdún náà. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ti Slessor kò tilẹ̀ tíì kú tí ọmọ fi gba ipò rẹ̀.

Bí ìyà nìkan ni ó wà nínú ìrìn náà, ta ni ìbá tún fẹ́ padà sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé? Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ rìn, ẹ má ṣe wá ọ̀nà tí kò ní wàhálà fún wọn. Ẹ fún olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń pààrọ̀ táyà kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀nà fúnra wọn, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí ọwọ́ wọn bá tún ṣe lójú ọ̀nà, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.