Ikùn Òfìfo àti Ẹnu Òtítọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, inú, ni Yorùbá fi ń ru ẹrù púpọ̀. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bí ni, inú náà ni ó sì ń run ni. Nígbà tí aláìsàn bá dé iwájú dókítà tí ó wí pé, "Inú ń run mí," òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n dókítà kò tí ì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ǹjẹ́ àpòlúkù tí oúnjẹ ń bọ́ sí ni? Ǹjẹ́ ìfun ni, tàbí ilé-ọmọ? Ẹ̀yin olùwòran, ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé yẹ̀wò lónìí ni àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo inú àpòlúkù pẹ̀lú ojú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní gastroscopy, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ sí endoscopy. Iṣẹ́ dókítà nìkan kọ́ ni àyẹ̀wò yìí. Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ aláìsàn kí ó tó kúrò nílé.

Ó pẹ́ kí ọmọ ènìyàn tó rí inú ikùn alààyè. Ní ọdún 1868, ní ilẹ̀ Jámánì, Adolf Kussmaul ti ọ̀pá irin oníhò bọ ọ̀nà ọ̀fun ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gbé idà mì fún ìran wíwò. Ta ni kì bá sá fún irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1957 ni Basil Hirschowitz, ní Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo okùn tí ó ṣeé tẹ̀, tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín ṣe. Ara òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Lónìí, kámẹ́rà kékeré ni ó wà lẹ́nu okùn náà, okùn ọ̀hún kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ tí ó kéré jù lọ.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù ni pé okùn náà yóò dí èémí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ ni okùn ń tọ̀. Ọ̀nà èémí wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Aláìsàn yóò fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọn yóò fi nǹkan há eyín rẹ̀ láàárín kí ó má baà gé okùn jẹ. Wọn a fín oògùn tí kì í jẹ́ kí ọ̀fun mọ ìrora sí i lẹ́nu, tàbí kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un tòògbé. Ó lè máa ṣe é bí ẹni tí ó fẹ́ bì, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, iṣẹ́ ti parí. Bí dókítà bá rí ibi tí ó fura sí, yóò já ẹran ara bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, èyí kì í sì í dunni.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà káàkiri ayé gbà pé ìrònú àti ata ni ó ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àìtètèjẹun ni ọ̀pọ̀ ṣì ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní ọdún 1982, ní Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren mú kòkòrò àìfojúrí kan hù láti inú ẹran ara tí wọ́n já nínú ikùn àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu kí ayé lè gbàgbọ́. Àìsàn ikùn sì mú un. Ẹ̀bùn Nobel tẹ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ní ọdún 2005. Kòkòrò yìí, Helicobacter pylori, àti àwọn oògùn ìrora bí aspirin, ibuprofen àti diclofenac, ni wọ́n ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ àtijọ́ yẹn ṣì ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹni tí ó gbà pé ebi ni ó dá ọgbẹ́ sí òun nínú yóò gbọ́ pé kí òun má jẹun, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì yọ́ ẹ̀kọ gbígbóná mu láàárọ̀. Ó ti fi aṣọ bo ohun tí ó sanwó kí wọ́n bá a wò. Ewu tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé, bí ó bá bì, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó kéré tán, wákàtí 6 ni ikùn gbọ́dọ̀ fi ṣófo. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn a tilẹ̀ ní láti ọ̀gànjọ́ òru. Àwọn mìíràn gba omi lásán láyè títí di wákàtí 2 ṣáájú. Èyí tí wọ́n bá sọ fún aláìsàn ni kí ó tẹ̀lé. Ẹ̀kọ mímu, wàrà àti àgbo kì í ṣe omi lásán.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ kan ti já lé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ léjìká. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìwé ìlànà yìí, ọmọ tí ó kàwé ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún òbí. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Ẹ gba ààwẹ̀," bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí bí ààwẹ̀ ti rí lójú tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ wí ni: "Ẹ má jẹ ohunkóhun, ẹ má sì mu ohunkóhun, láti aago báyìí títí wọn yóò fi ṣe é tán."

Lẹ́yìn ikùn òfìfo, ẹnu òtítọ́ ni ó kàn. Ọjọ́ tí aláìsàn bá lọ gba àkókò ni kí ó ti ka gbogbo oògùn tí ó ń lò fún wọn, àti àgbo pẹ̀lú; kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó ń lo warfarin tàbí clopidogrel, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Alátọ̀gbẹ tí ó ń gún insulin gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí insulin láìsí oúnjẹ lè dá a kú. Omeprazole lè fi kòkòrò ikùn pamọ́ fún àyẹ̀wò. Dókítà lè ní kí aláìsàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Kí ó bèèrè iye owó pẹ̀lú, àti bóyá owó àyẹ̀wò ẹran ara wà nínú rẹ̀, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kò gbọdọ̀ jókòó de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ilé-ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó yọ eyín àtọwọ́dá, kí ó sì mú ẹnì kan dání. Ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ oorun kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fún wákàtí 24. Bí wọ́n bá fín oògùn sí ọ̀fun, kí ó má jẹun títí ọ̀fun yóò fi mọ nǹkan padà. Ọ̀fun lè máa dun ènìyàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyà tàbí ikùn bá ń roni kíkankíkan, tàbí tí ibà dé, kí aláìsàn padà lọ kíákíá. Irú èyí kò wọ́pọ̀.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Dókítà ni yóò ti okùn wọlé. Aláìsàn ni yóò jẹ́ kí okùn rí nǹkan.