Bí Pick-up Wa Bá Ń Ké Wíìn-wíìn

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

  

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa béèrè pé kí ló ń ké lábẹ́ pick-up àtijọ́ tó ń kó iṣu wa láti Ṣakí wá sí Bódìjà n'Ìbàdàn. Wọ́n ní bó bá ti kó sí kòtò báyìí, á máa ké wíìn-wíìn bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Awakọ̀ ní kò sí nǹkan kan, pé bí àgbàlagbà bá ń dìde, ṣebí eegun ẹ̀ máa ń dún. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Igbe yẹn ní ibi tó ti ń wá. Ẹ wá ibẹ̀ rí kí ẹ tó tú owó sílẹ̀.

Àwa gan-an ti jìyà ẹ̀ rí. Mẹkáníìkì kan sọ fún wa pé ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú. A dáwó, a rà á, ó pààrọ̀ ẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé oríta, igbe tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíì wá wò ó dáadáa, búṣì rọ́bà kan ṣoṣo ló ti gbẹ tó sì ti là, lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì. Owó búṣì ọ̀hún kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí a ti ná.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀yìn pick-up, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò léra wọn. Sípíríǹgì nìyẹn, òun ló ń ru ẹrù wa. Ní orí rẹ̀ méjèèjì, rọ́bà wà nínú ihò tí bolt gbà kọjá. Ìyẹn ni búṣì. Bí iyanrìn àti ìpẹtà bá wọ àárín irin, tàbí tí rọ́bà bá gbẹ, ibẹ̀ ni igbe ti ń wá.

Bí ẹ ṣe máa wá a rèé:

Èkíní, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta dí taya. Kí ọkùnrin méjì máa tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa fi sílẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan tẹ́tí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wọ abẹ́ ọkọ̀ o. Bí wọ́n bá fi igun kan sílẹ̀ tó ṣì ń fò sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ ló ti rẹ̀.

Èkejì, ẹ bu omi sí búṣì, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún tẹ ọkọ̀. Èyí tí ẹ bu omi sí tí igbe dákẹ́, òun náà ni. Omi á gbẹ, igbe á padà, àmọ́ ẹ ti mọ ẹni tó ń ké.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ ara sípíríǹgì, kí ẹ wò ó bóyá irin kan ti kán. Ẹ má dà ọ́ìlì dúdú sí i. Igbe á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ́ìlì máa ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì máa ń fa iyanrìn mọ́ra. Ibi tí wọ́n ṣe ẹnu gírísì sí nìkan ni kí ẹ fa gírísì sí.

Ẹ̀kẹrin, búṣì tó ti là, ẹ pààrọ̀ tòsì tọ̀tún. Ẹ ra tuntun, torí rọ́bà tókunbọ̀ lè ti gbẹ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ sì sọ fún mẹkáníìkì pé kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí taya ẹ̀ kó tó fún bolt búṣì le pátápátá. Tó bá fún un le nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, rọ́bà á lọ́, kò sì ní pẹ́ tó fi máa ya.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Wíìn-wíìn yàtọ̀ sí gbàgà-gbàgà. Bí iwájú ọkọ̀ bá ń dún gbàgà-gbàgà, ẹ má di ẹrù sí i. Kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, kó fi igi tó lágbára tì í, kó di taya mú lókè àti nísàlẹ̀ kó mì ín. Bó bá ń yẹ̀, ó lè jẹ́ ball joint. Bí ball joint bá já lójú ọ̀nà, taya iwájú á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ ò ní lè darí ọkọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wa tó jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn ńkọ́?

Àwa náà sì lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ pick-up ni wọ́n ṣe láti ru nǹkan bíi 1,000 kìlógíráàmù. Àpò ìrẹsì 50 kìlógíráàmù, 20 péré nìyẹn, ẹ kò sì tíì ka ènìyàn mọ́ ọn. Àmọ́ àwa la máa ń bẹ awakọ̀ pé, "Jọ̀ọ́, fi tèmi sí i." Tó bá kọ̀, a ní ó ń ṣe fáàrí. Láti òní lọ, bí awakọ̀ bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kó tó.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tó bá gbọ́ wíìn-wíìn lónìí, kó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọkọ̀ tó tún jáde. Iṣu tó bàjẹ́, a lè rà míì, àmọ́ ẹ̀mí ò ní ààrọ̀.

A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o.