Ọ̀RỌ̀ KÚKÚRÚ, ÌTUMỌ̀ RẸPẸTẸ
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò wa bá ẹgbẹ́ sọ)

 Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àárín wa, mo tọrọ gáfárà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọjà ló kọ́ mi ní ìyókù.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá: "set". Ìkòkò ni mo ń tà, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan mo ní kí ilé-iṣẹ́ kan fi 20 sẹ́ẹ̀tì ìkòkò ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, mẹ́fà ni sẹ́ẹ̀tì kan. Lọ́dọ̀ tiwọn, mẹ́ta ni. Ẹrù dé, mo kà á, 60 ni mo bá dípò 120, owó sì ti lọ. Mo bínú títí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni. N kò béèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn mi gbé ìwé rẹ̀ wá: "Bàbá, kí ni 'the sun has set'?" Mo ní wọ́n ti to oòrùn jọ ni. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àṣé oòrùn ti wọ̀ ni Òyìnbó ń wí!

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ yìí jọ. Bí sìmẹ́ǹtì bá dì, "set" ni. Bí a dẹ pàkúté, tí a to eegun tó yẹ̀, tí a dá iye lé ọjà, "set" náà ni. Àwọn tí ẹ jọ jáde níléèwé, "set" yín ni. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, òun ló gba àyè jù lọ; ìtumọ̀ rẹ̀ lé ní 400.

Kí a má fi Òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ o. "Jẹ" tiwa ńkọ́? A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ èrè, a ń jẹ ìyà. Àwọn Haúsá tó gbà wá lálejò náà ń sọ "ci bashi" fún jẹ gbèsè, "ci riba" fún jẹ èrè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọmọ "jẹ" ìdánwò, ó yege ni.

Ohun tó dùn mí rèé. Ọmọ tó fi mí rẹ́rìn-ín yẹn, mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi jẹ oyè nílé. Ó ní, "Bàbá, ta ló sè é?" Lọ́jọ́ yẹn, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Èmi pàdánù 60 ìkòkò. Kí ni ọmọ náà ń pàdánù?

Nítorí náà mo bẹ̀ yín: nínú gbọ̀ngàn tí à ń dáwó fún yìí, ẹ jẹ́ kí yàrá kan wà fún ẹ̀kọ́. Kí àwa àgbà máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, kí àwọn ọmọ máa kọ́ Yorùbá ní Sátidé. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti béèrè, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.