Ọdún Ìwọ̀ Kan Létí Odò Ọya ní Ganaja: Èyí tí Ó Dùn Jù àti Èyí tí Ó Korò Jù

Nígbà tí akọ̀wé wa wá bá mi nílé pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo fi jẹun títí ọjọ́ fi pé. Ó ní rárá o. Ó ní, “Bàbá, gbogbo ènìyàn ń rí yín létí odò láràárọ̀. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ ń rí níbẹ̀ fún wa.” Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: èmi kì í ṣe apẹja. Àwọn apẹja tòótọ́ wà láàárín wa, àwọn ará Kakanda, Nupe, Igala, Bassa àti Hausa, tí wọ́n ń ti òru jáde pẹ̀lú àwọ̀n àti ìgèrè, tí ẹja sì ń san owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ìwọ̀ lásán ni èmi ń jù. Ọ̀pá kan, okùn kan, agolo ekòló kan, àti sùúrù. Bí mo bá pa, a ó jẹ. Bí n kò bá pa, ìyàwó mi yóò ní kí n ra ẹja bọ̀ láti ọjà, kí n má ṣe purọ́ pé èmi ni mo pa á.

ODÒ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ WA

Omi tí ń ṣàn kọjá ní Ganaja kì í ṣe omi odò kan ṣoṣo. Ní Lọ́kọ́jà, lókè wa díẹ̀, ni Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ọya ti orí òkè ilẹ̀ Guinea wá, Bẹ́núè sì ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá. Ẹni tí ó bá gun orí òkè Patti yóò rí i bí àwọ̀ omi méjèèjì ṣe yàtọ̀ kí wọ́n tó dàpọ̀. Nígbà tí omi náà bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ọ̀kan, agbára rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì.

Odò yìí ti kọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa lẹ́kọ̀ọ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ òyìnbó gòkè odò yìí ní ọdún 1841. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, wọ́n sì padà. Nígbà tí wọ́n tún wá ní ọdún 1854, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń lo kínínì, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ omi ni omi máa ń jẹ́ kí ó padà sílé.

Odò wa ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Láti oṣù keje ni ó ti ń kún. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ó máa ń kún jù. Ní oṣù kọkànlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí ó bá fi di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, iyanrìn ti yọ láàárín odò, ẹ óò sì rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ọkọ̀ ti kọjá lóṣù kẹwàá. Ẹ má gbàgbé pé ìsédò wà lókè wa pẹ̀lú. Kainji ti wà láti ọdún 1968, Jebba àti Shiroro tẹ̀ lé e, Lagdo sì wà lórí Bẹ́núè ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù láti ọdún 1982. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, àwa ni a wà nísàlẹ̀.

OMÍYALÉ ỌDÚN 2022

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdún ìwọ̀ mi láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, nítorí kò sí ẹni tí ó wà ní Ganaja nígbà náà tí ó lè gbàgbé. A ti rí ti ọdún 2012, a rò pé kò sí èyí tí yóò jù ú. Ní ọdún 2012, omi odò ní Lọ́kọ́jà ga ju mítà 12 lọ. Ti ọdún 2022 kọjá mítà 13. Ọ̀nà Ganaja wọ inú omi, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń lọ sí ìgboro. Ọ̀nà Àbújá náà gé ní ìhà Koton Karfe, àwọn ọkọ̀ epo tò sójú kan, epo bẹ̀ǹtírò sì wọ́n títí dé Àbújá.

Ní ilé tiwa, omi dé ojú fèrèsé. Òru ni ó wọlé. Ọmọ ọmọ mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ni mo gbé sí èjìká, aládùúgbò kan sì fi ọkọ̀ rẹ̀ kó wa jáde. Ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn. Ó rí ewúrẹ́ wa mẹ́ta bí omi ṣe ń gbé wọn lọ tí wọ́n ń ké. Láti ọjọ́ náà, kò dé etí odò mọ́. Bí a bá ní kó wá, yóò ní, “Odò tí ó jẹ ewúrẹ́ wa?” Kò sí ìdáhùn tí mo lè fún un.

ÌGBÀ TÍ OMI FÀ

Ní oṣù kọkànlá, mo wá ọ̀pá tuntun, mo padà sétí odò. N kò ní purọ́ fún yín, inú ń bí mi sí omi náà. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà, ó máa ń fi adágún sílẹ̀ káàkiri, ẹja a sì há sínú wọn. Àwọn àgbà ní omi tí ó tán lẹ́yìn ẹja ló sọ ẹja di èrò ìṣasùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo pa àrọ̀ àti èpìyà débi pé ìyàwó mi yan díẹ̀ pamọ́. Odò tí ó kó ẹrù wa lọ ni ó tún ń bọ́ wa. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, nǹkan yí padà. Omi tutù, ẹja kò sì fẹ́ jẹun. Mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko láìrí ju ọmọ èpìyà kan tí mo dá padà sómi. Ní ọjọ́ kẹwàá, nǹkan fa okùn, ayọ̀ mi kún. Bí mo ṣe fi ọwọ́ tútù di ẹja náà mú kí n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo apá mi kú títí dé èjìká. Òjìjí ni! Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iná tí òjìjí ńlá ń tú sára ènìyàn lè tó fóòtì 350, ó ju ti iná tí ó wà nínú ilé wa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́. Àwọn apẹja tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ní oṣù kejì, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ mi. Ó fà mí fún ìgbà pípẹ́, mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú omi, kókó tí mo ta sídìí ìwọ̀ ni ó tú. Mo mọ̀ pé n kò ta kókó náà dáadáa láàárọ̀, nítorí mo ń kánjú. Inú mi bàjẹ́ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè kò fọ́.

ÈYÍ TÍ Ó DÙN JÙ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2023, mo jókòó létí iyanrìn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ ọmọ mi ni. Ó mú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́, ekòló kún inú rẹ̀. Ó ti wà á lẹ́yìn ilé ìdáná láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró níbi tí ó jìnnà sí omi díẹ̀, ó ní, “Bàbá àgbà, mo rò pé ìjẹ yín ti tán.” N kò pè é wá síwájú. Mo kàn ní, “O ṣeun.”

A fi ekòló rẹ̀ pa èpìyà kékeré kan. Mo fi èpìyà náà láàyè kọ́ ìwọ̀ ńlá, mo jù ú síbi tí omi ti jìn lẹ́yìn iyanrìn. Kò pẹ́ púpọ̀, okùn sáré. Ẹja náà fò sókè lójú omi, ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà. Giwan ruwa ni, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é, erin inú omi. Mo fà, ó fà. Mo tú okùn sílẹ̀, mo tún ká a. Apá mi ń gbọ̀n. Nígbà tí ó sún mọ́ etí bèbè, mo mọ̀ pé bí n bá fi ipá gbé e, okùn yóò já, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára ọ̀pá.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọmọ náà bọ́ bàtà. Ó wọ inú omi dé orúnkún, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹja náà, ó sì gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìkókó. Ó ń pariwo, “Mo ti mú un! Bàbá àgbà, mo ti mú un!” Ìyá ẹlẹ́ja fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n fún wa: kílò mọ́kànlá. Ìyá ọmọ náà fi orí rẹ̀ se ọbẹ̀ ata. A gé ibi tí ó dára jù fún aládùúgbò tí ó fi ọkọ̀ kó wa lóru ọjọ́ omíyalé, ọmọ náà ni ó sì gbé e lọ fún un.

ÈYÍ TÍ Ó KORÒ JÙ

Bí ọ̀rọ̀ mi bá parí síbẹ̀, ẹ óò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún akọ̀wé pé n ó sọ méjèèjì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, omi ti ń kún. Mo gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò. Ọ̀rẹ́ mi kan, apẹja ará Kakanda, sọ fún mi létí bèbè pé, “Bàbá, omi òní kò gbọ́ ọ̀rọ̀.” Mo dá a lóhùn pé mo ti mọ odò yìí kí wọ́n tó bí i. Mo yá ọkọ̀ kékeré kan, mo mú ọmọ ọmọ mi, a wọ ojú omi. Kò sí ẹ̀wù amúniléfòó kan ṣoṣo lára wa.

Igi ńlá kan tí omi ń gbé bọ̀ ni ó kọlù wá. N kò rí i nítorí omi pọ́n bí ẹrọ̀fọ̀. Ọkọ̀ dojú dé. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, omi sì já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo rí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fi ọ̀rọ̀ gún lára ni ó wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wa láti ìgbà tí a ti jáde, nítorí kò gbà mí gbọ́. Òun ni ó na ọwọ́ mú ọmọ náà ní kọ́là ẹ̀wù, tí ó fà á sókè, tí ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ó fi bì omi.

Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ mi obìnrin, kò sọ̀rọ̀ sí mi. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ apẹja náà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì lọ. Ó sàn kí ó ti bú mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò lè jẹun dáadáa. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kì í ṣe pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Ìgbéraga ni ó gbé mi wọ ọkọ̀. Omi gba ewúrẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi ní ọdún 2022 láìjẹ́ ẹ̀bi mi. Ní ọdún 2023, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

Mo lọ bẹ ọmọ mi. Mo bẹ ọmọ ọmọ mi pẹ̀lú. Àwọn kan lè ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà ronú, ó ní, “Bàbá àgbà, a ó máa jókòó sórí bèbè. Bí a bá sì máa wọ ọkọ̀, ẹ̀yin náà yóò wọ ẹ̀wù amúniléfòó.” Mo gbà. Títí di òní, òun ni ó ń yẹ̀ mí wò kí n tó jáde.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ GBÉ LỌ

Ìkínní, kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó, pàápàá ọmọdé. Kí ẹgbẹ́ ra díẹ̀ pamọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lò.

Ìkejì, àjọ NIHSA, tí ń rí sí ìṣàn omi ní orílẹ̀-èdè wa, máa ń kéde lọ́dọọdún ibi tí omi lè kún dé. Kí a yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa ka ìkéde náà fún wa ní ìpàdé, kí a sì kó ẹrù sókè kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìkẹta, bí ọmọ ẹja bá gbé ìwọ̀, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ń da Gamalin sínú odò, ẹ fi tó àwọn àgbà létí. Òfin ìpẹja inú odò ti ọdún 1992 kọ oògùn olóró, ohun tí ń búgbàù àti iná. Oògùn tí ó pa ẹja yóò dé inú ìkòkò wa.

Ìkẹrin, bí ẹni tí ó mọ omi jù ọ́ bá ní má lọ, má lọ, ìbáà ṣe ọmọ rẹ ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọdé, ọmọ tí mo ń sọ nípa rẹ̀ wà láàárín yín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tí ń wo ilẹ̀ tí ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ lọ bi í léèrè bí giwan ruwa ṣe wúwo tó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi gbé wa lọ. Kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú.