ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ ÀTI ỌKỌ̀ ÒDE ÒNÍ: TA NI YÓÒ MÁA TÚN UN ṢE?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ékòó. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò fi ohunkóhun pamọ́ fún mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò lo omi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, a ó ṣí disitribútọ̀, a ó ya kọ́ńtáàtì sí 0.4 milimítà, ó parí. Ojú ń rí i, etí ń gbọ́ ọ, ọwọ́ sì ń tó o.

Lóde òní, kàbúrẹ́tọ̀ ti kógbá wọlé. Kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń pè ní ‘brain box’ ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti imú rẹ̀.

N kò wá síbí láti bú ọkọ̀ tuntun o. Dírẹ́bà tó bá ti tẹ bíréèkì lójijì nínú òjò mọ̀ pé táyà ọkọ̀ àtijọ́ á dì gbagidi, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ, kò sì ní gbọ́ ti ọwọ́ ìdarí mọ́. Bíréèkì ABS kì í jẹ́ kí táyà dì, kí dírẹ́bà lè yà fún ewu. Èéfín ọkọ̀ tuntun tí a tọ́jú dáadáa kéré, epo tó ń jó náà kò pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Níbo wá ni wàhálà wà? Dírẹ́bà kan gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ tọ̀ mí wá, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ibi tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ti ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ ọ́, ó kọ P0171, wọ́n ní brain box ti kú. Ó yáwó rà á, ọkọ̀ kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi ṣiṣẹ́, ọlọ́kọ̀ sì ń retí owó rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọọṣẹ́ mi ló gbọ́ ‘ṣìì’ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà afẹ́fẹ́ kan ló ya. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ gbọ́ mi yé. P0171 kò sọ pé brain box bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Rọ́bà tó ya lè fà á, sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí lè fà á, pọ́ǹpù epo tó rẹ̀ lè fà á. Ẹ̀rọ ń sọ ibi tó ń dun ọkọ̀; ẹni tó mọṣẹ́ ló ń wá ohun tó fà á.

Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun gbogbo ní ojú ayẹ̀wò kan náà, oníhò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kan fi lè ka ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ tún ti àwọn yàrá kan pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn. Ní 2012, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí wọ́n ṣí ìmọ̀ àtúnṣe sílẹ̀ fún mẹkáníìkì àdúgbò. Ìbò ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti béèrè. Kí ẹ̀ka wa dá owó jọ ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tí gbogbo ọgbà yóò máa lò. Kí ọmọọṣẹ́ kankan má gba ìyọ̀ǹda láìmọ iná mànàmáná ọkọ̀ àti bí a ti ń ka kóòdù. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ má sanwó brain box títí ẹ ó fi rí ẹni tó fi àrùn náà hàn yín.

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Bí a kò bá kọ́ iṣẹ́ tuntun mọ́ ti àtijọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹun lórí ọkọ̀ tí àwa ń wà.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa!