Àìtó Àwọn Olùtúmọ̀ Àkọsílẹ̀ Ìṣirò ní Báǹkì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa kọ́. Mo mú ọ̀kan tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò tó: iṣẹ́ títúmọ̀ àkọsílẹ̀ ìṣirò ní báǹkì.

Ní ọdún 1894, tí Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, kálàmù ni akọ̀wé fi ń kọ owó sínú ìwé ńlá. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo owó tí a san tàbí tí a gbà ń lọ. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN kalẹ̀, fígọ̀ 11 tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ ní gbogbo báǹkì. Àkọsílẹ̀ kún ilé bí ọkà ti í kún àká. Àwọn tí yóò lọ̀ ọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Èkíní, wọ́n ń tún àkọsílẹ̀ ṣe. Bí akọ̀wé kan bá kọ Adéṣọlá pẹ̀lú "s", tí òmíràn kọ ọ́ pẹ̀lú "sh", kọ̀ǹpútà lè kà á sí ènìyàn méjì. Èkejì, wọ́n ń ṣọ́ owó. Bí owó ńlá bá ṣàdédé ń jáde lóru nínú àkáǹtì tí kì í ná ju owó kékeré lọ, ó yẹ kí ẹnì kan fura.

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù: ta ni a lè yá lówó? Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni owó rẹ̀ sábà ń wọlé jù. Bí báǹkì bá ní kí ó máa san gbèsè lóṣooṣù, ó lè kùnà ní oṣù Kẹfà, wọn yóò sì kà á sí aláìṣòótọ́. Ẹni tí ó mọ àkọsílẹ̀ kà yóò rí i pé ìgbà ìkórè ni ó yẹ kí wọ́n fi ìsanwó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá aláṣọ tí kò yáwó rí: ẹ̀rọ tí ó kọ́gbọ́n lára àwọn ayáwó nìkan lè má mọyì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń fi owó pamọ́ déédéé.

Èéṣe tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n? Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè má mọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó mọ méjèèjì lè má mọ ìṣe ọjà wa. Nínú àwọn tí ó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ ti lọ sí Ìlú Ọba àti Kánádà, níbi tí owó oṣù gbé pọ̀ jù.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ máa kọ iye owó gààrì sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà fún sáà kan, kí wọ́n sì sọ ìdí tí ó fi gòkè tàbí tí ó fi wálẹ̀. Ìṣirò tí a há sórí nìkan kò tó. Lẹ́yìn èyí, kí ẹgbẹ́ wa máa ran ọmọ kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti kọ́ ẹ̀kọ́ statistics ní yunifásítì. Ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a sì kọ́ wọn ní ìpamọ́ àṣírí, nítorí òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 kò gbà kí a máa tú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kiri.

Owó wa wà ní báǹkì, ìtàn wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí yóò kà á. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa.